Ulé àti Ilé

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan l'Ájílósùn, l'Ádó,
lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń jó irin mọ́ irin,
tábìlì mẹ́ta ni wá, jẹnẹrétọ̀ kan,
ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta la ń gbà ṣe iṣẹ́ kan.

Fálúyì ọmọ Ìjerò, Jáfà ni tirẹ̀,
ó ń kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ ebè,
ẹsẹẹsẹ, kò sí èyí tó wọ́.
Ìbídàpọ̀ ní Páítọ́nì ló yá jù,
ìlà méjì, ó ti parí, ó ti ń mu gààrí.
Àwọn ọmọ ẹ̀bá fèrèsé, ti fóònù ni wọ́n ń ṣe,
wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ṣáájú ọ̀sán.

Èmi? Èmi ni mo ń tọ́jú irinṣẹ́.
Èyí tó ń kó iṣẹ́ jọ, èyí tó ń yẹ̀ ẹ́ wò,
èyí tó ń gbé e dé ọwọ́ ẹni tó ni ín:
ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta. Ìwé àléébù mẹ́ta.
Kọ́kọ́rọ́ kún àpò mi, mi ò mọ ilẹ̀kùn.

Lóṣù Ọ̀wàrà, tí kòkó ń wọlé,
bàbá kan pè wá láti Ẹ̀fọ̀n:
"Ẹ ti wọn kòkó mi, ẹ ti kó o lọ,
ẹ wá ní owó mi jẹ́ òdo."
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo jókòó tì í di aago méjì òru.
Iná lọ, iná dé, mi ò dìde.
Ohun tí mo rí kò ju lẹ́tà kan lọ:
Fálúyì, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ìyá rẹ̀,
sọ àpótí tí orúkọ àwọn àgbẹ̀ wà ní ulé.
Ìbídàpọ̀, bí tíṣà ṣe kọ́ ọ, pe tirẹ̀ ní ilé.
Àwa èèyàn mọ̀ pé ọ̀kan ni.
Ẹ̀rọ kò ní ìyá l'Ékìtì.
Ó kọ́ ilé méjì fún bàbá kan,
ó kó kòkó sí èyí, ó kó owó sí tọ̀hún,
ó sì ti ilẹ̀kùn méjèèjì.

Èyí tó dùn mí jù: àwọn ọmọ fèrèsé ti rí i
láti oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀
nínú ìwé tiwọn, tí ẹlòmíràn kì í ṣí.

Ìpàdé gbóná. Ọ̀gá ní kí gbogbo wa kọ èdè kan.
Ta ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀? Fálúyì dìde, ó jókòó.
Ẹnìkan tún fẹ́ mú Ìkògòsì wá,
omi gbígbóná, omi tútù. Mo ní, jọ̀ọ́,
ẹ jẹ́ kí odò yẹn sinmi, ó ti ṣe àpèjúwe tó.

Mo ní, èdè kọ́ ni ìjà wa.
Ẹni tó fi àdá ṣán oko, ẹni tó fi ọkọ́ kọ ebè,
ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà bọ̀ wálé.
Ẹ máa kọ Jáfà yín, ẹ máa kọ Páítọ́nì,
ká ṣáà ní àká kan,
ẹnu ibodè kan tí gbogbo iṣẹ́ yóò gbà kọjá,
àti ìwé àléébù kan tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ó gbà wá ní oṣù mẹ́ta àti ìjà méje.
Báyìí, ọ̀rọ̀ kan la jọ ń tẹ̀: yẹ̀wò.
Bí iṣẹ́ bá kú, pupa tàn, gbogbo wa la rí i;
àní àwọn ọmọ fèrèsé ń kígbe ṣáájú ọ̀sán.
Mi ò ní purọ́: Fálúyì ṣì ní irinṣẹ́ àtijọ́ kan
tó fi pamọ́. Mo mọ̀. Mi ò sọ.

Ó wá ku orúkọ àpótí yẹn.
A dìbò, ìbò dọ́gba.
Mo bá fi àmì kékeré kan síbẹ̀:
ẹni tó kan ulé, ẹni tó kan ilé,
ilẹ̀kùn kan náà ló ń ṣí.
Bàbá Ẹ̀fọ̀n gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Nísàlẹ̀, ẹni tó ń jó irin dá iṣẹ́ dúró,
ó fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ibi tó ti lẹ̀ mọ́ra,
ó mí kanlẹ̀,
ó tún gbé iná.